Ta Ló Ṣe Iṣẹ́ Yìí? Ọ̀rọ̀ Orí Rédíò Lórí Òtítọ́ Nílé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Kaduna ṣe ilé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ungwan Boro, ní Sabon Tasha, ní Narayi, ní Barnawa àti ní Kakuri. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà Mọjọ̀ tí ìjàkadì jẹ́ orò ìlú yín, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹ̀yin Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ẹ̀yin ará Òkun, àti ẹ̀yin yòókù tí orúkọ ìlú yín wà lọ́kàn mi bí n kò tilẹ̀ ráyè kà á síta, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí àwọn ọmọ wa ni mo ṣe wá síwájú yín lónìí, torí àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, mo sì fẹ́ fi kún un pé ọmọ tí a fún ní ayédèrú ẹ̀kọ́ kò sàn ju ọmọ tí a kò kọ́ rárá lọ.

Ní àdúgbò wa yìí, agbo ilé tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ń lọ sí Kaduna Polytechnic, tó ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọdún 1956; àwọn kan ń lọ sí Kaduna State University, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2004; àwọn mìíràn ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìdánwò àṣejáde WAEC àti ìdánwò JAMB fún ìwọlé sí yunifásítì. Nígbà kan rí, bí olùkọ́ bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, inú ìwé ni yóò ti lọ wá ìdáhùn, bí ìwé kò bá sì sí, yóò tọ ẹ̀gbọ́n lọ, yóò tọ aládùúgbò lọ, yóò sì jókòó ti iná àtùpà títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé e. Lónìí, ó lè tẹ ìbéèrè náà sínú fóònù, kí ìdáhùn tó gún régé, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, jáde kí omi tí ìyá rẹ̀ gbé kaná tó hó. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní AI. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní ChatGPT síta, irú rẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ inú WhatsApp tí gbogbo wa fi ń kí ara wa kú àárọ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò kò ju ẹyọ kan lọ: bí iṣẹ́ bá dé iwájú olùkọ́, ta ló ṣe é? Ìbéèrè yìí kan akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kan olùkọ́, nítorí bí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ọmọ gbé iṣẹ́ tí kò ṣe wá kí ó ní tòun ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí olùkọ́ pe ọmọ ní olè lórí iṣẹ́ tí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ ṣe.

Kí a má sì di gbogbo ẹrù lé ẹ̀rọ lórí. Èrú nínú ẹ̀kọ́ ti wà ní ilẹ̀ wa kí a tó bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò WAEC tú sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri, tí ìtìjú náà sì kárí orílẹ̀-èdè. Ẹ ó rántí pé nígbà ìjọba ológun ní ọdún 1984, òfin kan jáde tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tó bá ṣe èrú nínú ìdánwò. Nígbà tó yá, òfin mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1999. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn kan ń tà, àwọn kan ń rà: ẹni tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ kọ iṣẹ́ àṣekágbá, ẹni tó ń jókòó ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, òbí tó ń san owó kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ẹ̀rọ tuntun yìí bá olè nílé ni, ó kàn wá mú kí owó olè jíjà náà dínkù, kí ó sì rọrùn fún ẹni tí kò ní ìgboyà tẹ́lẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Kaduna tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí àti ìmọ̀ ti dá wàhálà ńlá sílẹ̀ rí. Ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Nasir El-Rufai gbé ìdánwò tí ọmọ kíláàsì kẹrin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹ kó lè ṣe síwájú àwọn olùkọ́ tó tó 33,000, nígbà tí èsì sì jáde, ìjọba kéde pé 21,780 nínú wọn ni kò gba máàkì 75 nínú 100 tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ bá ìjọba jiyàn gidigidi lórí bí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, èmi kò sì wá dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé ìwé-ẹ̀rí kì í dáàbò bo ẹni tó ni ín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ó wá fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ó bá sì bá a, kì í ṣe ẹni tó purọ́ nìkan ló ń jìyà, àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni olùkọ́ ń wá gan-an tó fi ń fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Olùkọ́ kò ṣaláìní ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó béèrè; ó ti mọ̀ ọ́n kó tó wọ kíláàsì. Ohun tí ó ń wá ni kí ọpọlọ ọmọ náà ṣe wàhálà, kí ó já ibì kan, kí ó tún ibẹ̀ so, kí ó sì ti ibẹ̀ lágbára. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó lọ ra bùbá tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́jà, tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun lòun rán an, lè gba ìyìn lọ́jọ́ náà, wọ́n tilẹ̀ lè ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé ojúlówó léèsì wá, tí ó ní kí ó gé e níṣojú òun, níbẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà lásán, àwọn onímọ̀ ti fi ìwádìí wò ó. Ní orílẹ̀-èdè Turkey, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Pennsylvania kó àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó súnmọ́ 1,000 jọ lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀rọ AI láti fi ṣe ìdánrawò. Nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ wọn dára ju ti àwọn tí kò ní in lọ ní ìdá 48 nínú 100, àbí ta ni kò ní yọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn, tí ìdánwò dé, àwọn ọmọ wọ̀nyí wá fi ìdá 17 nínú 100 rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò fojú kan ẹ̀rọ rí. Wọ́n rò pé àwọn ń kọ́ ìṣirò, wọn kò mọ̀ pé bí a ti ń béèrè ìdáhùn nìkan ni àwọn ń kọ́.

Ẹ̀rọ náà tún ní àléébù mìíràn tí àwọn ọmọ wa kì í sábà rí. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ó ti ka ọ̀rọ̀ tí kò lóǹkà tí àwọn ènìyàn kọ sílẹ̀, láti inú rẹ̀ ló sì ti ń ṣírò irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé òmíràn. Nítorí náà, bí kò bá mọ nǹkan, ó lè hun ún jọ pẹ̀lú ìdánilójú ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ní New York, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn lórí, nítorí pé wọ́n kó àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ fún wọn wá síwájú ilé-ẹjọ́, tí wọn kò sì tètè jẹ́wọ́ nígbà tí a bi wọ́n léèrè. Bí ẹni tó ti gba ìwé-àṣẹ amòfin bá lè tẹ́ báyìí, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò sọ bí olùkọ́ bá ní kí ó mú ìwé tí ó dárúkọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wá, tí kò sì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé?

Ẹ má sì gbàgbé ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́. Ọmọ tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán tó ti ẹ̀rọ, lè gba máàkì 50, kí ẹni tí kò ka ojú ìwé kan gba 80. Ìwà yìí ń kọ́ ọmọ olóòótọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, pé owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Bí a bá sì jẹ́ kí ó gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, irú òṣìṣẹ́ ìjọba wo, irú dókítà wo, irú ẹnjiníà wo ni a rò pé yóò dà?

Síbẹ̀, èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ, n kò sì wá sọ fún yín pé kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí ẹ jù ú sínú odò Kaduna. Ní ọdún 2024, ní Benin City ní ìpínlẹ̀ Edo, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ètò kan fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà lẹ́yìn àkókò ilé-ẹ̀kọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti fi AI kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, ìlọsíwájú wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe ìwádìí fi sọ pé ó tó ohun tí ọmọ ń kọ́ ní nǹkan bí ọdún méjì. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá láàárín èyí àti ti Turkey? Ní Benin, olùkọ́ wà nídìí ẹ̀rọ. Olùkọ́ ló ń sọ ohun tí wọn yóò béèrè, olùkọ́ ló ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kọ́, ẹ̀rọ kò sì dúró sípò ọmọ láti ṣe iṣẹ́ ọmọ. Kódà ní Turkey náà, àwọn tí a fún ní irú ẹ̀rọ tí kì í sọ ìdáhùn, tó jẹ́ pé amọ̀nà nìkan ló ń ṣe, kò rẹ̀yìn bí àwọn yòókù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin lèmi yóò wá kọjú sí báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí yín. Mo mọ̀ pé ó ń dun yín bí ẹ bá gba ìwé 100 tí gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ mìíràn ṣe adájọ́ lórí ọmọ ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ní wọ́n lè sọ bóyá AI ló kọ iṣẹ́ kan tàbí ènìyàn. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje yẹ̀wò lórí àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ. Bí a bá pa ti àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ ká pín in dọ́gba, ó lé ní ìdá 60 nínú 100 àwọn àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI. OpenAI tó bí ChatGPT pàápàá ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023 nítorí pé kì í sọ òótọ́ tó. Ta wá ni yóò jẹ palaba ìyà irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn ọmọ tiwa, tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ Hausa lọ́jà, tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ nínú ìwé kọ ìdánwò? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; bí ẹnì kan ṣoṣo tí a gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀ bá sì jẹ́ ẹ̀rọ, ìkà náà tún lékún sí i.

A kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kárùn-ún ọdún 2025. Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB jáde, tí máàkì ọ̀pọ̀ ọmọ sì wálẹ̀, àwọn kan yára sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí, pé orí tẹlifíṣọ̀n àti TikTok ni wọ́n ń sùn sí. Àfi ìgbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, tí wọ́n rí i pé àṣìṣe wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà ní àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, tí ó kan ọmọ 379,997, tí wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, bọ́ síta gbangba, ó gbà pé àṣìṣe ni, ó sì sunkún. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ mìíràn ṣe èrú ní ti gidi, àní wọ́n rí 190 tí wọ́n fi AI pa àwòrán ojú ènìyàn méjì pọ̀ kí ẹlòmíràn lè ṣe ìdánwò fún wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ẹ̀rọ purọ́ mọ́.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é kò ṣàjèjì sí ìran wa. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá a máa dúró níwájú àwọn àgbà láti sun ìyẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sun ún dáadáa, wọn yóò máa gbè é, bí ó bá sì ṣì í sun, wọn yóò sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a gbé e sórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró, ẹ̀yin olùkọ́, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó kọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ti tó láti mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ẹ béèrè ìwé tí ó fi kọ́kọ́ kọ ọ́ kí ó tó dà á kọ. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn ṣe: ẹ rán wọn lọ sí Kakuri, kí wọ́n lọ bi àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ ní Kaduna Textiles, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, pé báwo ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà tó dùn, báwo ni ilé wọn sì ti rí láti ìgbà tí ó ti kógbá sílé. Ìdáhùn tó wà lẹ́nu bàbá wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ kankan kò tíì kà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ òfin yín síta kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí a ti lè lo AI, ibi tí a kò gbọdọ̀ lò ó, àti ìjìyà tó wà níbẹ̀. Ẹni tí a kò sọ òfin fún, a kò lè bá a ṣe ẹjọ́ òdodo.

Ẹ ro ti ọmọ tálákà náà mọ́ ọn. Èyí tó dára jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gba owó lóṣooṣù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń ṣe wá. Bí olùkọ́ bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀ tí kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rọ, kí ó rí i dájú pé gbogbo ọmọ ló ní ọ̀nà dé ìdí rẹ̀, kí àpò òbí má di ohun tí a ń fún ní máàkì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tiyín kò gùn. Ẹ lè bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí kò yé yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lè bi ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ó túmọ̀ rẹ̀, ẹ ní kí ó fún yín ní àpẹẹrẹ, ẹ ní kí ó dán yín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ohun tó yé yín. Bí ẹ bá lò ó, ẹ sọ pé ẹ lò ó, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti lò ó. Kò sí ìtìjú nínú ìjẹ́wọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ yín sí gbólóhùn kan tí ẹ kò lè dúró ṣàlàyé níwájú ènìyàn, nítorí ẹni tó bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú ní í yọ́ olúwarẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọ yín bá gbé máàkì ńlá wálé, ẹ yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó jókòó kí ó kọ́ yín ní ohun tí ó kọ, ì báà jẹ́ ní Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Hausa. Kò dìgbà tí ẹ bá kàwé kí ẹ tó mọ ọmọ tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ má ṣe san owó kí ẹnikẹ́ni bá ọmọ yín ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, torí òbí tó bá ra ìwé-ẹ̀rí fún ọmọ ti kọ́ ọ pé kò ní lè dá dúró láyé.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Mo bẹ olúkúlùkù olùkọ́ tó ń gbọ́ mi pé, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá tó kàn fún àwọn ọmọ, ẹ ka òfin yín lórí AI sí wọn létí. Mo sì bẹ olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ní Ungwan Boro àti níbi gbogbo pé kí iṣẹ́ tó bá jẹ́ orúkọ yín jẹ́ iṣẹ́ yín.